Ǹjẹ́ Ẹni tí Ó Dúró de Ìmọ́lẹ̀ Ń Purọ́?

Àwọn ènìyàn a máa wí pé ẹ̀rọ ayàwòrán kì í purọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé. Bí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ nínú kíláàsì lórí bí ìlú kan ti rí, ẹni tí ó bá mú àwòrán jáde ni gbogbo wa yóò gbà pé ó jàre. Èmi pàápàá gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ kan tí mo bá ara mi nínú ọ̀ràn kan tí n ó sọ níwájú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé: ẹni tí ó dúró de wákàtí tí òkè lẹ́wà jù lọ kí ó tó yà á, tí ó sì fi gbogbo wákàtí yòókù sílẹ̀, ǹjẹ́ òtítọ́ ni ó sọ fún wa nípa òkè náà, tàbí irọ́?

Kí ọ̀rọ̀ má bàa di ti afẹ́fẹ́ lásán, ẹ jẹ́ kí a mú ọkùnrin kan àti ilẹ̀ kan, kí a sì wò wọ́n dáadáa. Ọkùnrin náà ni Ansel Adams, ará Amẹ́ríkà, ẹni tí a bí ní ìlú San Francisco ní ọdún 1902, tí ó sì kú ní ọdún 1984. Nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14, àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ sí àfonífojì Yosemite, wọ́n sì fún un ní ẹ̀rọ ayàwòrán kékeré kan tí ó dà bí àpótí. Ọkàn rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ilẹ̀ náà ni ilẹ̀ àwọn òkè Sierra Nevada ní California, pẹ̀lú aṣálẹ̀ tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn wọn.

Ó yẹ kí a mọ bí ilẹ̀ náà ti rí. Afẹ́fẹ́ tí ó kún fún omi a máa fẹ́ wá láti orí òkun Pàsífíìkì ní ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí ó bá kan òkè, a gòkè tipátipá, a tutù, a sì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ bí òjò àti òjò dídì. Nígbà tí yóò bá fi sọdá sí ìhà kejì, ó ti gbẹ. Ìdí nìyí tí ìhà kan òkè náà fi kún fún igbó àti omi tí ń ṣàn, tí ìhà kejì, níbi tí àfonífojì Owens wà, fi jẹ́ iyanrìn àti igi wẹ́wẹ́. Láti inú aṣálẹ̀ yìí ni òkúta náà ti dìde bí odi ìlú. Ọ̀kan nínú àwọn ṣóńṣó rẹ̀, Mount Whitney, ga ní ẹsẹ̀ bàtà 14,505, kò sì sí òkè tí ó ga tó o ní orílẹ̀-èdè náà bí a bá yọ Alaska kúrò.

Ní irú ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kì í dúró sí ojú kan. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, oòrùn a kọ́kọ́ kan ṣóńṣó òkè nígbà tí àfonífojì ṣì wà nínú òkùnkùn; ìmọ́lẹ̀ àkókò náà a sì pọ́n, nítorí pé ó ti la afẹ́fẹ́ púpọ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ náà sì ti fọ́n àwọ̀ búlúù inú rẹ̀ ká kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọ̀sán gangan, ìmọ́lẹ̀ a bọ́ láti òkè wá, òjìji a súnkì, òkè tí ó ní ihò àti gegele yóò sì dà bí ògiri tí a fi ẹfun kùn. Bí ìjì bá dé, a kò ní rí òkè rárá. Bí ìjì bá sì ń lọ, ìkùukùu a ya níhìn-ín, a ya lọ́hùn-ún, ìmọ́lẹ̀ a já lu àpáta kan ṣoṣo, kí ẹni tí ń wò ó sì tó pe ẹnìkejì rẹ̀ wò ó, ó ti lọ. Àwa náà mọ díẹ̀ nínú èyí. Ẹni tí ó bá gbé Abẹ́òkúta rí mọ̀ pé ní àkókò ọyẹ́, eruku tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà a máa bo àwọn òkè mọ́ni lójú, àti pé lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, àwọn òkè kan náà a súnmọ́ni bí ẹni pé wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá.

Èwo wá ni òkè náà gan-an? Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ni ní ìṣirò wí pé òkè ọ̀sán ni, nítorí pé nígbà náà ni ohun gbogbo hàn kedere. Mo dá a lóhùn pé ní ọ̀sán ni a kò mọ ibi tí ihò gbé wà àti ibi tí gegele gbé wà. Òjìji ni ó ń sọ ìrísí òkúta fún wa, ọ̀sán sì ti gbé òjìji jẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní agbẹjọ́rò ni ó yẹ kí n jẹ́. Ṣùgbọ́n n kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà. Bí òkè kò bá ní ojú kan ṣoṣo, a kò lè bá ẹni tí ó yan ọ̀kan nínú àwọn ojú rẹ̀ wí pé ó purọ́. Òkè rí bẹ́ẹ̀ nítòótọ́ ní wákàtí náà. Gbogbo ohun tí ayàwòrán ṣe ni pé ó fi ara da òtútù títí wákàtí náà fi dé.

Bí ọ̀ràn náà bá mọ síbẹ̀, ǹ bá ti gbé kálàmù mi sílẹ̀. Kò mọ síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ọdún 1927, Adams àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀, pẹ̀lú Virginia Best tí ó di aya rẹ̀ lẹ́yìn náà, gun òkè ní Yosemite lórí òjò dídì láti lọ wo ojú Half Dome, àpáta ńlá tí ó dà bí igbá tí a là sí méjì. Ó ru ẹ̀rọ rẹ̀ àti àwo gíláàsì 12 tí yóò ya àwòrán sí. Nígbà tí ó fi dé ibi tí ó ń lọ, méjì péré ni ó ṣẹ́kù. Òjìji ṣì bo àpáta náà, ó sì dúró dè é títí oòrùn fi yí kan ojú rẹ̀. Ó fi gíláàsì aláwọ̀ ìyeyè bo ojú ẹ̀rọ, ó sì yà á. Bí ó ti yà á tán ni ó mọ̀ pé kò ní rí bí ohun tí ọkàn òun rí: ojú ọ̀run yóò ṣá, àpáta kò sì ní ní ẹ̀rù kankan. Ó yọ ìyeyè, ó fi gíláàsì pupa rírẹ̀dòdò rọ́pò rẹ̀, ó sì ya àwo ìkẹyìn. Gíláàsì pupa kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù kọjá. Nítorí náà ọ̀run tí ó jẹ́ búlúù di dúdú bí ọ̀run alẹ́, àpáta sì yọ níwájú rẹ̀ bí adájọ́ tí ó jókòó sórí ìtẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó fojú rí ọ̀run dúdú ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Adams pàápàá kò rí i. Ohun tí ó wí lẹ́yìn náà ni pé ọjọ́ náà ni òun kọ́kọ́ mọ̀ọ́mọ̀ ya bí nǹkan ti rí lára òun, kì í ṣe bí ó ti rí lójú lásán.

Ẹ jẹ́ kí a tún gbé èkejì yẹ̀ wò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń wa ọkọ̀ lọ ní aṣálẹ̀ New Mexico pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ Michael àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Cedric Wright, ó sì rí òṣùpá tí ó ti yọ lókè àwọn òkè olójò dídì. Nísàlẹ̀ ni ìletò Hernandez wà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré rẹ̀ àti itẹ́ òkú, oòrùn tí ń wọ̀ sì tàn sára àwọn àgbélébùú funfun tí ó wà lórí ibojì. Ó fò bọ́ sílẹ̀, ó ń ké sí àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ pé kí wọ́n bá òun gbé èyí, kí wọ́n bá òun mú tọ̀hún. Ohun tí ó fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ ni a wá tì. Ó rántí bí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá ti pọ̀ tó, ó fi orí ṣe ìṣirò rẹ̀, ó sì ya àwòrán kan. Kí ó tó lè yí fíìmù padà láti ya èkejì, oòrùn ti kúrò lára àwọn àgbélébùú náà.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ó dùn mọ́ mi púpọ̀. Adams gbàgbé ọjọ́ tí ó yà á. Ọdún tí ó ń dá fún un a máa yí padà. Ní ìkẹyìn, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ wo ibi tí òṣùpá wà nínú àwòrán náà, wọ́n ṣe ìṣirò, wọ́n sì rí i pé ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1941 ni, ní nǹkan bí aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó ya àwòrán gbàgbé, ṣùgbọ́n òṣùpá kò gbàgbé. Ẹ̀rí wà nínú àwòrán tí ayàwòrán kò mọ̀ pé òun fi síbẹ̀.

Síbẹ̀, òṣùpá yẹn kan náà wà nínú ọ̀run tí Adams fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú dúdú. Ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lókè nínú fíìmù náà, ó sì hàn nínú àwọn àwòrán tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ jáde lára rẹ̀. Ní nǹkan bí 1948, ó fi oògùn sí ìsàlẹ̀ fíìmù náà kí ilẹ̀ lè hàn ketekete. Bí ọdún sì ti ń gorí ọdún, ó ń mú ọ̀run dúdú sí i títí ìkùukùu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ ju ìgbà 1,000 lọ ní ọjọ́ ayé rẹ̀. Dùùrù ni ó kọ́ ní ìgbà èwe kí ó tó fi ara jìn fún àwòrán, ó sì máa ń wí pé fíìmù dà bí ìwé orin, títẹ àwòrán jáde sì dà bí kíkọ orin náà.

Mo gba àfiwé rẹ̀. Nínú ìsìn, ènìyàn méjì lè ka ẹ̀kọ́ kíkà kan náà; ọ̀kan yóò kà á bí ẹni tí ń ka iye owó ọjà, èkejì yóò gbé ohùn sókè níhìn-ín, yóò sì dákẹ́ díẹ̀ lọ́hùn-ún, omi yóò sì lé sí wa lójú. A kò wí pé èkejì purọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni ó kà, kò fi kún un. Gíláàsì pupa àti ọ̀run tí a mú dúdú, ohùn ni wọ́n. Kò sí ẹni tí yóò wo àwòrán aláìláwọ̀ kan, dúdú àti funfun, tí yóò rò pé bẹ́ẹ̀ ni ayé rí lójú. Òǹwòran mọ̀ pé orin ni òun ń gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń ka ẹ̀kọ́ bá fo ẹsẹ kan ńkọ́, nítorí pé ẹsẹ náà kò bá orin rẹ̀ mu?

Ní ìgbà òtútù ọdún 1944, Adams wà ní ìlú kékeré tí ń jẹ́ Lone Pine, nínú àfonífojì Owens tí mo ti dárúkọ. Ní òwúrọ̀ lẹ́yìn òwúrọ̀ ni ó ń jáde láti ya ìlà oòrùn lára Sierra, ìkùukùu sì ń bà á jẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, nínú òtútù tí ń gé ara, ó gun orí ọkọ̀ rẹ̀, ó sì dúró. Ìmọ́lẹ̀ mú òkè, òkè òkúta kékeré iwájú rẹ̀ ṣì dúdú, oòrùn sì tàn sí pápá kan níbi tí ẹṣin kan ti ń jẹko. Ẹṣin náà kọ̀ ẹ̀yìn sí i. Ó ní sùúrù títí ẹṣin fi yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí i, ó sì yà á. Àwòrán náà wà lára àwọn tí ó dára jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lára òkè kékeré náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé gíga Lone Pine ti fi ẹfun kọ lẹ́tà ńlá méjì, L àti P, kí gbogbo ayé lè rí i. Adams pa á rẹ́ kúrò lára fíìmù, ó sì ń fi ọ̀dà tọ́ ìyókù rẹ̀ nínú gbogbo àwòrán tí ó tẹ̀. Kò fi í pamọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó ní àpá burúkú ni lára òkè, òun kò sì ní bá wọn sọ ọ́ di ohun ayérayé.

Ẹ̀yin olùkọ́, kí ni ìdájọ́ yín? Bí mo bá ronú bí olùfẹ́ òkè, mo bá a lọ. Bí mo bá ronú bí ẹni tí ó ti lo èyí tí ó ju ogún ọdún láàrín àwọn ọmọ ilé ìwé, ọkàn mi a yí padà. Mo rí wọn bí wọ́n ti ń ru garawa ẹfun gun òkè, tí wọ́n ń ta ara wọn lólobó, tí wọ́n ń yọ̀ pé a ó mọ̀ pé àwọn wà níbẹ̀. Ìwà ọmọdé ni, n kò ní gbà á láyè ní ilé ìwé tèmi. Síbẹ̀ wọ́n wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ẹṣin ti wà níbẹ̀. A dúró de ẹṣin kí ó lè wọ inú àwòrán. Àwọn ọmọ, a pa orúkọ ìlú wọn rẹ́. Nítorí pé Adams jẹ́wọ́, n kò ní pè é ní òpùrọ́. N kò sì ní pè é ní aláìlẹ́bi.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù lọ ṣì wà níwájú, ibẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi máìlì mẹ́wàá sí Lone Pine lọ. Ní oṣù kejì ọdún 1942, lẹ́yìn tí Japan ti kọlu Pearl Harbor, Ààrẹ Roosevelt fi ọwọ́ sí àṣẹ kan tí a fi kó àwọn ènìyàn ìran Japan kúrò ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Wọ́n tó 120,000. Ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ni a bí sí Amẹ́ríkà, ọmọ ìlú sì ni wọ́n lójú òfin. A kò gbọ́ ẹjọ́ wọn. A pín wọn sí ibùdó mẹ́wàá. Èyí tí ó ju 10,000 lọ nínú wọn ni a kó sí Manzanar, nínú eruku àfonífojì Owens, lábẹ́ òkè ẹlẹ́wà wọ̀nyí. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí wọn ká, ẹ̀ṣọ́ oníbọn sì wà lórí ilé ìṣọ́ mẹ́jọ.

Láti ọdún 1943 ni Adams ti ń lọ síbẹ̀. Ọ̀ràn náà dùn ún, ó sì fẹ́ kí àwọn ará Amẹ́ríkà rí àwọn ènìyàn náà bí ènìyàn. Ó ya nọ́ọ̀sì, ó ya àgbẹ̀ nínú oko kábéèjì, ó ya àwọn ọmọ bí wọ́n ti ń jáde kúrò ní ilé ìwé, ojú wọn tààrà sí wa, oòrùn mọ́ kedere lára wọn. Ní 1944 ó tẹ ìwé kan jáde nípa wọn, nígbà tí ogun kò tíì parí, nígbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè sọni di ọ̀tá àwọn ará ilé ẹni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé èyí nígbà tí a bá ń dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ kò gbà kí a ya wáyà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbà kí a ya ilé ìṣọ́ àti ẹ̀ṣọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wo púpọ̀ nínú àwọn àwòrán náà lè rò pé ìlú kan tí ó wà ní àlàáfíà lábẹ́ òkè ni Manzanar. Dorothea Lange ti ya irú àwọn ènìyàn kan náà fún ìjọba ní 1942, bí a ti ń fi nọ́ńbà sí wọn lára tí a sì ń kó wọn lọ. Ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé àwọn àwòrán tirẹ̀ títí ogun fi parí. Ẹ fi èyí wé ìwé Adams tí ó jáde.

Láti Manzanar ni ó ti ya Mount Williamson. Òkúta ńláńlá kún iwájú àwòrán náà, ìjì ń túká lórí òkè, ìmọ́lẹ̀ sì ń bọ́ láàrín ìkùukùu bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ayé. Kò sí ilé nínú rẹ̀, kò sí wáyà, kò sí ènìyàn kan. Ní 1955 a fi í hàn nínú ìpàtẹ ńlá kan ní New York tí a pè ní The Family of Man, èyí tí ó jẹ́ ìpàtẹ àwòrán nípa ìdílé ọmọ ènìyàn. Ẹnu yà mí nígbà tí mo mọ èyí.

Nínú ibùdó náà, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Toyo Miyatake, ayàwòrán tí ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Los Angeles kí a tó kó o wá. A fi òfin dè é pé kò gbọdọ̀ ní ẹ̀rọ. Ó fi ojú gíláàsì ẹ̀rọ kan pamọ́ sínú ẹrù rẹ̀, a sì fi igi kan àpótí fún un, ó ń fi í ya àwòrán ní bòókẹ́lẹ́. Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n fún un ní àyè láti máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, aláwọ̀ funfun kan ni yóò bá a tẹ ẹ̀rọ náà lẹ́yìn tí ó bá ti tò ó tán. Òun ni ó ya àwọn ọmọdékùnrin mẹ́ta lẹ́bàá wáyà ẹlẹ́gùn-ún, ilé ìṣọ́ sì wà lẹ́yìn wọn. Òkè kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ní.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Àwọn tí a há mọ́ Manzanar fi òkúta aṣálẹ̀ náà ṣe ọgbà òdòdó pẹ̀lú adágún kéékèèké, nítorí pé wọ́n rí i pé òkè náà lẹ́wà. Nítorí náà n kò lè wí pé ẹwà tí Adams yà jẹ́ irọ́. Wọn ìbá jẹ́rìí sí i. Ohun tí ó ń dà mí láàmú ni pé òkè kò bìkítà bí a yà á tàbí a kò yà á, ọ̀run kò sì bínú bí a bá mú un dúdú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wà lẹ́yìn wáyà ní ohun tí ó sọnù bí a bá fi wáyà sílẹ̀ lẹ́yìn àwòrán. Ní 1988 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fi òfin tọrọ àforíjì, tí a sì fún olúkúlùkù àwọn tí ó ṣì wà láàyè ní dọ́là 20,000. Ọdún 46 ti kọjá.

Mo ṣe ìlérí láti sọ ti ara mi. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a pe onífọ́tò ní òpin ọdún. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí a dúró di ìrọ̀lẹ́ kí oòrùn lè rọ̀. A to àwọn ọmọ ní ìlà mẹ́ta. Ọmọkùnrin kan wà ní ìlà ẹ̀yìn tí kò ní aṣọ ilé ìwé, ẹ̀wù tí ó wọ̀ sì ti ya ní èjìká. Onífọ́tò wò mí. Kò sọ̀rọ̀, èmi náà kò sì sọ̀rọ̀. Mo pe ọmọ náà, mo ní kí ó bá mi di ìwé orúkọ mú, kí ó sì dúró lẹ́yìn igi máńgòrò títí n ó fi pè é. Ó sáré lọ, inú rẹ̀ ń dùn pé olùkọ́ rán òun níṣẹ́.

Àwòrán náà dára. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ tàn sí ojú àwọn ọmọ bí òróró. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe àjọ̀dún lẹ́yìn ọdún púpọ̀, a gbé e kọ́ sára ògiri, àwọn tí ó ti di géńdé ń wá ojú ara wọn nínú rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró pẹ́ níwájú rẹ̀. Ó fi ìka tọ ìlà kìíní, ó tọ èkejì, ó tọ ẹ̀kẹta. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Tíṣà, ẹ dákun, ṣé n kò wá sí ilé ìwé ní ọjọ́ náà ni?”

Mo mú un lọ́wọ́ sún mọ́ àwòrán náà, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn án, níbi tí ewé máńgòrò díẹ̀ gbé yọ, tí oòrùn sì tàn sí wọn lára.